Ta Ló Gbé Oògùn Etí Ajá?

Ṣéènì nìkan ni àwọn ọlọ́pàá bá lẹ́bàá géètì, Tanímọ̀la, ajá ilé náà, ti pòórá. Baálé ilé, ayàwòrán-ilé tó lóhùn bí ààrá, ń nàka sí baba ọlọ́dẹ.

"Baba yìí ti tà á! Àná ni Tanímọ̀la jẹ bàtà ẹ̀, àná náà ló ń ṣépè. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ? Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ń bọ̀ wá mú ajá náà lọ́sàn-án yìí, mo ti fi ta wọ́n lọ́rẹ!"

Baba ọlọ́dẹ ṣí fìlà rẹ̀. Bí wọ́n bá fi lè mú un lọ, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, orúkọ sì bà jẹ́. Ta ló máa gba arúgbó tí wọ́n pè lólè sẹ́nu ọ̀nà?

Ìnsípẹ́kítọ̀, obìnrin kúkúrú tí wọ́n ń pè ní Máfojúfò, gbé ṣéènì náà yẹ̀ wò. Kò já. Ọwọ́ èèyàn ló tú u jẹ́jẹ́.

"Baba, kí ló tún sọnù?"

"Màdáámù, aṣọ tó ń sùn lé ò sí mọ́. Igo oògùn etí ẹ̀ tó máa ń wà lójú fèrèsé náà ò sí. Bírọ́ lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Mi ò jí ajá."

"Oògùn etí kẹ̀?" Ẹnu ya baálé ilé. "Ṣé etí ń dùn ún ni?"

Ìyàwó rẹ̀, olùkọ́, kò gbójú sókè nínú ìwé ọmọ iléèwé tó ń máàkì. "Èmi kì í sún mọ́ ajá yẹn. Ó ń rùn. Lílọ ẹ̀ ti pẹ́ jù."

Máfojúfò bá jókòó, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀, ó ń bá wọn wí. "Ẹ ò so nọ́ńbà fóònù mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ ò ní fọ́tò ẹ̀. Báwo lẹni tó bá rí i ṣe máa pè yín?"

Aago ara ògiri lu ọ̀sán gangan. Olùkọ́ dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí baba lọ́wọ́," ni Máfojúfò wí.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀!" Olùkọ́ ti kígbe.

"Ẹ máa lọ kán oògùn náà, màmá. Àsìkò ti tó. À ń tẹ̀ lé yín."

Ni gbogbo wọn bá sáré dé ìpẹ̀kun àdúgbò, sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò olùkọ́ tó ń ránṣọ. Lábẹ́ tábìlì ni Tanímọ̀la wà lórí aṣọ rẹ̀. Ó fò mọ́ olùkọ́, omijé ayọ̀ sì bọ́ lójú obìnrin náà. Ó kúnlẹ̀ síwájú baba ọlọ́dẹ.

"Baba, ẹ dárí jì mí. Mi ò rò pé ẹ̀yin ni wọ́n máa dì í rù."

"Olè a máa jí ajá," ni Máfojúfò wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ajá, tó gbé aṣọ tó ń sùn lé, tó sì rántí oògùn, ìyá ẹ̀ nìyẹn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mumi pẹ́ ni. Ẹnì kan ṣoṣo nínú yín ni aago ń bá jà."

"Ìwọ tó o ní o kórìíra ẹ̀?" ni ọkọ wí.

"Ẹ ti fi tọrẹ kẹ́ ẹ tó bi mí. Kí ni mo fẹ́ wí?"

Fóònù ọkọ dún. Ọ̀gá ti dé ẹnu géètì. Ọkọ wo ìyàwó, ó wo ajá, ojú tì í láti wo baba ọlọ́dẹ.

"Baba, ẹ má bínú," ló rọra wí. "Ẹ bá mi di ajá yìí lẹ́nu mú." Ó gbé fóònù sétí. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ajá yẹn ti sọnù."

Tanímọ̀la já ẹnu gbà, ó gbó. Máfojúfò sáré húkọ́ kíkankíkan.