Ohun Tó Wà Nísàlẹ̀ Báàgì

Bó ṣe fi báńdéèjì sókè pátápátá nínú báàgì wa ni ara ti fu mí.

"Bàbá," mo ní, "táyà ló máa ń jò fún èèyàn lọ́nà. Ẹ fi túùbù sókè."

"Títí, bí mo ṣe dì í yìí, ẹ má tú u. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ lò ló wà lókè."

Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ni Bàbá Adébíyìí bá wá sí Monrovia nígbà ogun, ó ń tún ọkọ̀ ṣe fún wọn. Wọ́n lọ, òun dúró, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ológeere sí Gardnersville. Èmi àti Níran ọkọ mi fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ wa dé Kakata láàárọ̀ ọjọ́ náà. Báàgì ńlá ni mo mú. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó mú kékeré kan. "Èyí ò ní máa gbá yín nítan. Bó bá tóbi, ẹ ó kàn máa wá ohun tí ẹ ó kó sí i ni."

Ẹnu mi le o, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó mọ ẹrù dì bíi bàbá yẹn. Ó fi túùbù wé sípánà. Ó ká aṣọ òjò pẹlẹbẹ. Ó mi báàgì náà létí mi, kò dún rárá. Ohun tó kọ́kọ́ kì sí ìsàlẹ̀ nìkan ni kò yé mi, nǹkan kékeré kan tó fi aṣọ funfun wé.

"Ti ìparí nìyẹn," ó rọra sọ.

A ò tíì jìnnà tí ajá fi sá wọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ Níran. Orúnkún rẹ̀ bó. Mo ṣí báàgì, báńdéèjì. Nígbà tó yá, táyà jò, túùbù ló kàn. Oòrùn ń ràn lọ́wọ́ tí òjò fi dé, mo na ọwọ́, aṣọ òjò ni mo bá. Aṣọ funfun yẹn nìkan ló kù. Gbogbo wa la mọ̀ pé aṣọ funfun ni wọ́n fi ń wé òkú. Mo wo ọkọ mi, àyà mi já.

"Níran, ká padà sílé."

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń wò títí a fi padà. Bí ọkọ̀ kan bá ti kọjá, ẹ̀rù á bà mí.

"Ṣé o fẹ́ ka egungun ẹ̀yìn mi ni?" ó ní.

"Ìwọ ṣáà máa lọ."

Ṣọ́ọ̀bù la gbà lọ tààrà. Inú ń bí mi, mo fẹ́ dá nǹkan rẹ̀ padà fún un. Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà. Wàsílátù tó ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní láti ìgbà tí a ti lọ ni ilẹ̀kùn ti wà bẹ́ẹ̀, òun ò sì rí Bàbá kó jáde.

Mo tú aṣọ funfun náà. Kọ́kọ́rọ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí aṣọ náà kì í ṣe fún ọkọ mi. Mo fi ṣí ilẹ̀kùn.

Bàbá sùn gbalaja lórí ẹní, ara rẹ̀ ti tutù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni bọ́kẹ́ẹ̀tì omi wà, lẹ́yìn náà ọṣẹ, kànìnkànìn, òwú, lọ́fínńdà, aṣọ funfun tí wọ́n gé igun rẹ̀ kan. Bí ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́ ṣe máa nílò wọn ló ṣe tò wọ́n. Omijé bọ́ lójú mi. Ó ti di ẹrù tirẹ̀ náà.

Wàsílátù rẹ ohùn sílẹ̀. "Títí, inú ilé ló wà. Ta ló wá ti àgádágodo láti ìta?"

Níran ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Omi ló wà níwájú, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.