Onídùúró Igi Àsálà

Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní onírọ́. Golandam tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé ní abúlé wa, létí ìlú Tuyserkan, ọmọ rẹ̀ náà sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.

Àsálà ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe ìtàkùn, igi ńlá ni. Sùúrù ni baba ìwà, ṣùgbọ́n àsálà a máa dán baba náà wò. Èyí tí Yadola, ọkọ Golandam, gbìn sẹ́yìn ilé lo ọdún mẹ́tàlá láìso.

Igi tí kò bá so, a máa ń dẹ́rù bà á. Bí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹnìkan á gbé àáké sí i, ẹnìkejì á ṣe onídùúró fún un pé yóò so. Golandam ló máa ń gbé àáké. Yadola ló máa ń bẹ̀bẹ̀.

“Ìyá Heshmat, dákun, má gé e. Mo dúró fún un. Tí kò bá so lọ́dún yìí, èmi ni kó o gé.”

“Ẹ̀yin kẹ̀? Ta ló fẹ́ fi egungun lásán dáná?”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, wọ́n á wọlé lọ mu tíì. Àárò ọjọ́ wọ̀nyẹn ń sọ Golandam gan-an.

Yadola kú. Nígbà tí òtútù tún ń lọ, Heshmat ọmọ wọn gbé àáké. Tirẹ̀ kì í ṣe eré. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ti ń dúró de pákó.

“Ìyá, ẹ bẹ̀bẹ̀ tí ẹ bá máa bẹ̀bẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀.”

Golandam lanu. Ẹkún ló jáde. Ọ̀sán gangan ni. Yìnyín bo ilẹ̀, ẹyẹ kan ò ké. Heshmat gbé àáké sókè.

“Má gé e. Mo dúró fún un.”

Ẹ̀yìn igi ni ohùn náà ti wá. Àáké bọ́ lọ́wọ́ Heshmat.

“Ìyá. Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀?”

“Èmi kọ́.”

“Ta wá ni?”

“Ìwọ náà mọ̀ ọ́n.”

Heshmat lọ wo ẹ̀yìn igi. Kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan lórí yìnyín. Nígbà tí gbẹ́nàgbẹ́nà dé, Heshmat ní òun ò ta igi náà mọ́.

Ọdún yẹn ni igi náà so, ó so débi pé ẹ̀ka rẹ̀ ń tẹ̀. Golandam jẹ àkọ́so rẹ̀ pẹ̀lú omijé. Àwọn aládùúgbò bá a yọ̀. Wọ́n ní igi tó ti ń so kò nílò onídùúró mọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló dùn ún.

Nígbà tí òtútù tún ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó dá lọ sẹ́yìn ilé. Ó gbé àáké sí igi tó ń so.

“Bàbá Heshmat, mo fẹ́ gé e o.”

Apá ń ro ó, síbẹ̀ kò sọ àáké kalẹ̀.

Lẹ́yìn igi, ẹnìkan rọra rẹ́rìn-ín.