Bóòtù Kẹrin

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé ó ti mutí ni. Mo dúró lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀bù wa, mò ń nu ọwọ́, ni mo rí píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ó tún yà sọ́tùn-ún, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà yẹn tọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo yára kúrò lẹ́nu géètì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti mu nǹkan ni?" Ohun tí mo bi í nìyẹn kí n tó kí i.

Ó sọ̀kalẹ̀. Ẹrẹ̀ bo bàtà rẹ̀, ó bo ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó sì bo ọkọ̀ náà láti táyà dé ilẹ̀kùn.

"Ọkọ̀ ló mu, ọ̀gá," ó ní. "Èmi kàn ń tẹ̀ lé e kiri ni."

Mo rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ n kì í rẹ́rìn-ín fún oníbàárà kí n tó mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rú mi lójú. Lọ́kàn mi, mo sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rẹ̀.

Ó ń tọ́ ọmọ igi eléso lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó sì ń kó wọn lọ fún àwọn àgbẹ̀ ní àwọn ọ̀nà tí ọkọ̀ kékeré kò lè gbà. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè rọ́wọ́ yọ lára píkọ́ọ̀pù yẹn, nítorí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Bí méjì bá rì sínú ẹrẹ̀, méjì yòókù á fà á jáde.

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni bàbá mi ń ṣe, òun ló kọ́ èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin. Orúnkún rẹ̀ ti kọ iṣẹ́ báyìí. Orí àga ló máa ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tó ń fi etí tún ọkọ̀ ṣe.

Mo wọ inú ọkọ̀ náà, mo yí sítíárì. Ó yí tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kí táyà tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Sítíárì tó dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Mo fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, mo di táyà mú lọ́kọ̀ọ̀kan, mo mì í, mo rí i pé orí ọ̀pá tó so táyà méjèèjì pọ̀ ti jẹ. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Ó wà á lọ, ọkọ̀ náà sì tọ́ díẹ̀.

Díẹ̀ yẹn ló yẹ kó dà mí láàmú. Kò dà mí láàmú. Bó ṣe ní òun ń tẹ̀ lé ọkọ̀ kiri ni mò ń rántí ṣáá.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó padà dé. "Ọ̀gá, ó tún ti bẹ̀rẹ̀." Ó gbé ọmọ igi ọsàn kan dání nínú ike. "Tiyín lèyí. Ẹ má bi mí nídìí rẹ̀, èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

Bàbá mi wo igi, ó wo Ẹlẹ́rẹ̀, ó wò mí. "Ọkọ̀ yìí mà fẹ́ràn wa o," ó ní.

Gíábọ́ọ̀sì sítíárì ni mo kọjú sí lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn irin wúwo tó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀, tó ń sọ ọ́ fún táyà. Bóòtù mẹ́rin ló dè é mọ́ ṣasí, egungun gígùn tí gbogbo ọkọ̀ jókòó lé. Mo tú u, mo tún inú rẹ̀ ṣe, mo dá a padà. Mo de bóòtù kìíní, mo de èkejì, mo de ẹ̀kẹta. Ibẹ̀ ni Ẹlẹ́rẹ̀ ti lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tó bi mí pé: "Ọ̀gá, ṣé ẹnì kan wà tó ń retí yín nílé?"

"Bàbá mi."

"Yàtọ̀ sí Bàbá."

"Kò sí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní, ó sì dìde kíákíá bí ẹni tó jí nǹkan.

Mo jáde lábẹ́ ọkọ̀. Tí wọ́n bá ní kí n búra, n kò lè sọ bóyá mo de bóòtù kẹrin le.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo tún rí píkọ́ọ̀pù náà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń yà kiri, inú mi sì dùn. Mo fẹ́ kí ó yé yín dáadáa: ọkọ̀ tí mo ti tún ṣe lẹ́ẹ̀mejì kò dára, inú mi wá ń dùn. Irú èèyàn wo nìyẹn? Mo wọ abẹ́ rẹ̀. Bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti dẹ̀, ẹ̀kẹrin ló sì dẹ̀ jù. Mo fi gbogbo agbára mi dè wọ́n, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo jáde, Ẹlẹ́rẹ̀ ní òun ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

"Mo fẹ́ràn yín," ó ní. "Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀, ọ̀nà oko gùn. Mo fẹ́ fi yín ṣe aya."

Inú mi dùn, ẹ̀rù bà mí, ojú tì mí, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Mo tún fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ bóòtù fún un. N kò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ sọ.

"Ẹ fún mi láyè," ni mo ní.

"Títí dìgbà wo?"

"Mi ò mọ̀."

Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ sọ pé ó burú. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹfà ni katakata kan fi okùn fa píkọ́ọ̀pù náà wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Iwájú rẹ̀ ti tẹ̀ wọlé, àwọn ike ọmọ igi tó ti fọ́ kún ẹ̀yìn rẹ̀. Obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ katakata náà. Téèpù aránṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó jọ pé kò rántí bọ́ ọ.

"Ìwọ ni mẹkáníìkì?"

"Èmi ni, mà. Ẹ káàbọ̀, mà."

"Èmi ni mo tọ́ ẹni tó ni ọkọ̀ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá wa kú. Lánàá, ó fẹ́ gun afárá, ó yí sítíárì, ọkọ̀ ò gbọ́. Inú kòtò ló bá ara rẹ̀. Orí ló yọ ọ́. Èjìká rẹ̀ ti yẹ̀."

Mo di ilẹ̀kùn píkọ́ọ̀pù náà mú. "Ṣé ó ń sọ̀rọ̀, mà?"

"Ó ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ ló ń sọ." Ó sún mọ́ mi. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé ọkọ̀ yìí wá, ẹ̀ẹ̀mẹta lo ní o ti tún un ṣe. Aránṣọ ni mí. Mo mọ àwọn tó máa ń fi ibì kan sílẹ̀ láìrán kí oníbàárà lè padà wá. Ìwọ lò ń dẹ ọkọ̀ yẹn sílẹ̀ kí àbúrò mi lè máa wá wò ọ́."

Bàbá mi fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. "Ẹ rọra, arábìnrin. Ọmọ mi kì í fi bóòtù ṣeré."

Kò mọ ohunkóhun nípa bóòtù kẹrin. Bó ṣe gbè mí lẹ́yìn yẹn dùn mí ju ẹ̀sùn náà lọ.

"Kí ló wá ń ṣe ọkọ̀ náà?" obìnrin náà béèrè.

"Mi ò mọ̀, mà."

Bàbá mi yíjú sí mi. "Ṣé orí jáàkì lo ti yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ìgbà yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ta ló yí sítíárì fún ọ?"

"Kò sẹ́nì kankan."

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ ṣì dára, àwa méjì la jọ máa ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi á wà lókè, màá yí sítíárì sọ́tùn-ún, màá yí i sósì. Òun á wà lábẹ́, á máa wá ohun tó ń mì tí kò yẹ kó mì. Táyà gbọ́dọ̀ tẹ ilẹ̀, kí ìwúwo ọkọ̀ lè wà lórí àwọn irin. Látìgbà tó ti jókòó ni mo ti ń dá a ṣe, mo sì ti fi í ṣe fáàrí pé n kò nílò ẹnikẹ́ni.

"Fi í sílẹ̀ lórí táyà rẹ̀," Bàbá ní. "Kí o wá ẹni tó máa yí i."

A wò yíká. Ẹni tó wa katakata ti lọ. Obìnrin náà wò wá, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó gun inú ọkọ̀. Èmi náà dùbúlẹ̀, mo wọ abẹ́ rẹ̀.

"Ẹ yí i sọ́tùn-ún, mà. Ẹ yí i sósì."

Ó ń yí i. N kò rí nǹkan kan, àfi ẹrẹ̀ gbígbẹ àti irin.

"Jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan," ohùn rẹ̀ wá láti òkè. "Mi ò rójú rẹ, ìwọ náà ò rí tèmi, nítorí náà má parọ́ fún mi. Nígbà tó ń padà wá, tó ń padà wá, ṣé inú rẹ bàjẹ́?"

"Rárá, mà. Inú mi ń dùn."

Sítíárì dúró.

"Ẹ gbọ́ ìyókù, mà," mo ní. "Ìgbà kejì tó wá, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, mi ò mọ̀ bóyá mo de bóòtù kẹrin le. Mo ti rò ó títí, mi ò rántí. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni, a jẹ́ pé èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹni tí mo fẹ́ràn."

Mo gbọ́ tí ọ̀pá bàbá mi gbún ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn náà, obìnrin náà yí sítíárì láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Ó yí i tagbáratagbára, bóyá ìbínú ni, bóyá àánú ni, n kò mọ̀. Ẹrẹ̀ gbígbẹ já lù mí lójú. Ó yí i sí apá kejì, ẹrẹ̀ tún já. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì onírin, mo fi ha ara ṣasí níbi tí gíábọ́ọ̀sì dúró sí.

Bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbi tí mo dè wọ́n sí. Ṣasí fúnra rẹ̀ ló ti sán. Ìlà tín-ínrín kan gba ẹ̀yìn bóòtù kẹrin kọjá. Bí sítíárì bá yí sọ́tùn-ún, ìlà náà á lanu. Bó bá yí sósì, á pa á dé. Mímì yẹn ló ń tú àwọn bóòtù. Lórí jáàkì, níbi tí ìwúwo kò sí, kò ní lanu fún ẹnikẹ́ni, ẹrẹ̀ ọ̀nà oko sì ti bò ó mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

"Ẹ wá wò ó, mà," mo ní.

Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó na ọwọ́ wọlé, ó ń bá wa yí sítíárì. Aránṣọ náà wo ìlà yẹn títí, ó fi ìka tọ́ ọ.

"Bọ́tìnì lo ti ń rán látọjọ́ yìí," ó ní. "Aṣọ tí bọ́tìnì wà lára rẹ̀ ló ya."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, mà."

"Ìyẹn ni pé kì í ṣe ìwọ."

"Mo pín nínú ẹ̀bi rẹ̀, mà. Ó yẹ kí n ti fọ ẹrẹ̀ yẹn kúrò. Ó yẹ kí n ti wá ẹnì kejì."

Ó yíjú sí mi lábẹ́ ibẹ̀, ojú wa súnmọ́ra.

Wẹ́dà wá lọ́jọ́ kejì. Ó jó ojú ibi tó sán pọ̀, ó sì fi irin pẹlẹbẹ lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Aránṣọ dúró tì í, ó ní kó jẹ́ kí àlẹ̀mọ́ náà fẹ̀ ju ibi tó ya lọ, kó má baà tún ya létí. Wẹ́dà ní ohun tí òun fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. Awakọ̀ kan wà á lọ, ó tọ́ bí ìlà rúlà. "O ṣeun," ni gbogbo ohun tí obìnrin náà sọ fún mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ẹlẹ́rẹ̀ kò wá. Mo ti tún ọkọ̀ ṣe dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́, inú mi wá bàjẹ́. Igi ọsàn yọ ewé tuntun méjì, mò ń bá a sọ ìsọkúsọ.

"Lọ wò ó," Bàbá ní.

"Kí n lọ sọ kí ni?"

"Kí o ní kí ara rẹ̀ yá."

N kò lọ. Ìtìjú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò jẹ́.

Ọjọ́ kan ni mo gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì náà. Mo sáré sí géètì. Píkọ́ọ̀pù náà ń bọ̀, ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì. Lọ́tẹ̀ yìí, inú mi kò dùn rárá.

"Kí ló tún ṣe é?" mo bi í kí ó tó sọ̀kalẹ̀.

"Kò ṣe é ní nǹkan kan. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ń yí i jù. Kò tíì mọ́ mi lára kí nǹkan máa tètè gbọ́ mi báyìí."

"Kí ló dé tí ẹ ò wá látọjọ́ yìí?"

"Ọkọ̀ ò ṣàìsàn. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ pé mo bá wá." Ó wo bàtà rẹ̀. "Lánàá, mo mú sípánà, mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo fẹ́ tú nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi gbá mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n jáde. Ó ní obìnrin tó lè sọ irú òtítọ́ yẹn lábẹ́ ọkọ̀, kí n má gbé irọ́ lọ bá a."

"Wọ́n sọ fún yín?"

"Gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní ẹ pè mí ní ẹni tí ẹ fẹ́ràn. Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Lóòótọ́ ni. Mo fẹ́ràn rẹ."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa téèpù aránṣọ jáde. "Wọ́n ní kí n wọ̀n ọ́. Wọ́n ní aṣọ ìgbéyàwó kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fojú wọ̀n. Tí o bá ní o ò fẹ́, kí n tètè dá téèpù padà, torí wọ́n ń lò ó."

Mo wo gíríìsì tó wà lọ́wọ́ mi. "Máa wọ̀n mí," mo ní.

Kò mọ̀ ọ́n wọ̀n. Èjìká rẹ̀ kò tíì jẹ́ kó lè na apá sókè dáadáa. Bó bá di etí kan mú, ìkejì á já bọ́.

"Bá a di etí kan mú," Bàbá mi ké láti orí àga rẹ̀. "Ṣé ó lè dá a wọ̀n ni?"

Mo fi ìka tó mọ́ díẹ̀ di etí téèpù mú lórí èjìká mi.

"Dúró jẹ́ẹ́, àyànfẹ́ mi," ó ní.

Mo dúró. Ó wọn èjìká, ó wọn apá, ó wọn ẹ̀yìn. Nígbà tó dé ìkẹrin, ó gbójú sókè, ó wò mí, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

"Ṣé a ti wọn eléyìí?" ó bi mí.

"Mi ò mọ̀," mo ní.

A tún bẹ̀rẹ̀ láti èjìká.