Kíìtì Tí Ẹ̀gbọ́n Kò Yàn

"Tẹ̀ ẹ́ wò," ni ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù wí. "Má bẹ̀rù, kò ní í ṣe nǹkan kan."

Àbíkẹ́yìn fi orúnkún tẹ ike dúdú náà mọ́lẹ̀. Ó tẹ̀ wọnú bí ìrọ̀rí. Bó ti gbé orúnkún kúrò báyìí, ó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àfi bí ẹni pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dúró tì í bú sẹ́rìn-ín.

Ṣọ́ọ̀bù náà kún fún ohun tí wọ́n ń pè ní kíìtì, ìyẹn àwọn ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ọkọ̀ kó lè rẹwà. Òmíràn wà lára ògiri, òmíràn nà gbalaja sílẹ̀. Eruku funfun bo ilẹ̀, òórùn gọ́ọ̀mù sì ń ta sí wọn nímú.

"Rọ́bà lèyí tó o tẹ̀ yẹn," ọ̀gá náà ń bọ́rọ̀ lọ. "Bó bá gbá òkúta, á tẹ̀, á tún padà. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ọkọ̀ yín mu kò sí nílẹ̀. Mo ní láti ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe é, ó sì máa pẹ́ díẹ̀. Èyí tó wà lókè yẹn ní tirẹ̀, fáíbà ni. Èmi fúnra mi ni mo ń mọ ọ́n níbí. Iye kan náà ni méjèèjì lọ́wọ́ mi. Fáíbà fúyẹ́, ó lẹ́wà, mo sì lè gé e sí bó bá ṣe wù yín. Àmọ́ kì í tẹ̀ o. Bó bá gbá nǹkan, fífọ́ ni, ojú ibi tó bá sì ti fọ́ máa ń mú bí abẹ."

Ẹ̀gbọ́n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ọ̀gá, ẹ bá mi ránṣẹ́ sí wọn. Rọ́bà ni mo fẹ́. Gegele tí wọ́n fi ń dín eré ọkọ̀ kù ló kún ojú ọ̀nà tí mò ń gbà. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni díje, èrò ni mò ń gbé."

Òótọ́ ló sọ. Láti ọdún tí bàbá wọn ti kú ni Ẹ̀gbọ́n ti fi ilé ìwé sílẹ̀, tó di awakọ̀. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ló ń bá gbé àlejò, òun ló sì ń bọ́ ìyá wọn, òun ló ń rán àbúrò rẹ̀ níléèwé. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló fi ẹ̀yìn rìn wá fọ́ iwájú ọkọ̀ rẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì sì ti sọ pé ọkọ̀ tó bá rí jákujàku kò ní í gbé àlejò àwọn mọ́. Ẹ̀gbọ́n kò wá fáàrí wá sí ṣọ́ọ̀bù náà. Oúnjẹ òòjọ́ wọn ló wá tún ṣe.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń jáde, ojú Àbíkẹ́yìn kò kúrò lára fáíbà tó wà lókè. Ẹnu kíìtì náà fẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ ṣe ṣóńṣó níwájú, ó dà bí ẹranko tó fẹ́ fò mọ́ nǹkan.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ìwé wọn. Gàgàrà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ga ju gbogbo kíláàsì lọ, ló ń kó ọ̀rọ̀ náà kiri. Ó ní ọkọ̀ ni gbogbo àwọn yóò gbé wá, àwọn yóò tò wọ́n sójú pápá, àwọn yóò sì ya fọ́tò.

"Tìẹ ńkọ́?" ó bi Àbíkẹ́yìn lójú gbogbo ẹgbẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà kí n gbé tiwa wá."

"Èyí tí iwájú rẹ̀ ya yẹn? Ọ̀rẹ́, ìyẹn kì í ṣe ọkọ̀ mọ́. Bàbá arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ká tán ni!"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Àwọn ọmọbìnrin tó jókòó sí bẹ́ǹṣì kejì pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Àbíkẹ́yìn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n kó kọ́kọ́rọ́ fún un. Kò tíì pẹ́ tí Àbíkẹ́yìn gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. "Gbé e lọ bá ọ̀gá, kó yọ iwájú tó fọ́ yẹn, kó sì wọn ìyókù sílẹ̀ de rọ́bà. Iṣẹ́ àná ti tán mi lókun, mo fẹ́ sùn."

Ojú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà nínú Àbíkẹ́yìn. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ẹ má ránṣẹ́ mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ó ní kí ẹ fi fáíbà òkè yẹn sí i."

Ọ̀gá wò ó. "Ṣé ó dá a lójú? Jẹ́ kí n pè é."

"Ó ń sùn, sà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má jí òun."

Ọ̀gá mi orí, ó gbé fáíbà wálẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó dè é tán, tí ọ̀dà sì gbẹ, ó na ìka sí Àbíkẹ́yìn: "Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ kó máa rọra gun gegele o. Bó bá sì rí i pé ó là níbì kan, bó ti wù kó kéré tó, kó má fi rìn. Kó gbé e wá."

"Màá sọ fún wọn, sà."

Kò sọ. Ohun tó sọ nílé ni pé àwọn ṣe oríire, rọ́bà kan wà nílẹ̀ tí oníbàárà kan kò wá gbé mọ́, ó sì bá ọkọ̀ mu rẹ́gí. Ọ̀dà ti bo gbogbo rẹ̀, ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n yí ọkọ̀ ká, inú rẹ̀ dùn.

"O ṣeun, àbúrò mi. Ìwọ ni mo lè rán níṣẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ó gbé e mì.

Ayẹyẹ náà dùn. Ọkọ̀ wọn ló gba ojú gbogbo ènìyàn, Gàgàrà fúnra rẹ̀ fi ara tì í ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n bí Àbíkẹ́yìn ti ń jáde níbi géètì, iwájú ọkọ̀ gbá etí gọ́tà, ó sì dún "gbà!" Ó bọ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ìlà tín-ínrín kan ti là láti ìsàlẹ̀ àgbọ̀n fáíbà náà lọ sókè, kò nípọn ju irun orí lọ.

Ó rántí ohun tí ọ̀gá sọ. Bó bá gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá yóò pe Ẹ̀gbọ́n, àṣírí yóò sì tú. Irọ́ kì í dá rìn, ó máa ń wá ọmọ ìyá rẹ̀ kún ara. Ó ra gọ́ọ̀mù, ó fi dí ojú ibẹ̀, ó sì kun ọ̀dà dúdú lé e. Nígbà tó fi máa délé, kò sẹ́ni tó lè mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n fi ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ títí oṣù fi parí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń gbé obìnrin àlejò kan bọ̀ láti pápákọ̀ òfuurufú. Ó dé orí gegele, ó tẹ bíréèkì, ó rọra gùn ún gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe. Fáíbà kan ilẹ̀, ó sì gé sí méjì. Èyí tó bọ́ há sábẹ́ táyà iwájú, ojú rẹ̀ tó mú ya táyà náà fàà. Níbi tí Ẹ̀gbọ́n ti ń bá sítíárìn jà, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ lẹ́yìn kọ lù ú, ó sì gbé e lọ fi rọ́ mọ́ ògiri afárá.

Apá obìnrin àlejò náà kán. Irin ọkọ̀ fún ẹsẹ̀ ọ̀tún Ẹ̀gbọ́n mọ́lẹ̀ débi pé nígbà tí wọ́n fi máa yọ ọ́, kò sí ohun tí dókítà lè ṣe mọ́. Ìsàlẹ̀ orúnkún ni wọ́n ti gé e.

Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ méjì, wá sí ilé ìwòsàn. Ó kí wọn kú ewu, lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó gbé e wá. "Mi ò fẹ́ sọ ọ́ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n àlejò wa fara pa. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé eré àsápajúdé lo sá gun gegele yẹn. A ti yọ orúkọ rẹ kúrò lára àwọn awakọ̀ wa."

Nígbà tó lọ tán, ìyá wọn bú sẹ́kún. "Ọmọ mi, mo ti ń sọ fún ẹ! Mo ní kí o máa rọra, mo ní kí o máa sinmi!"

Ẹ̀gbọ́n ń wo òkè àjà. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. "Màámi, mo rọra gùn ún. Mo rántí pé mo tẹ bíréèkì. Ṣùgbọ́n rọ́bà kì í fọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi náà rí i lọ́jọ́ tí àbúrò mi fi orúnkún tẹ̀ ẹ́. A jẹ́ pé eré ni mo sá. A jẹ́ pé mo sùn lọ. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ, mo sì ń purọ́ fún ara mi. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe orí mi mọ́."

Àbíkẹ́yìn dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé àwo oúnjẹ dání. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó gbé àwo náà kalẹ̀, ó sì jáde lọ.

Ojoojúmọ́ ni Ẹ̀gbọ́n ń tún un sọ. Yóò ní òun tẹ bíréèkì, yóò tún ní bóyá òun kò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi nọ́ọ̀sì bóyá òun ti lo oògùn òun, nígbà tí kò tíì pẹ́ tó lò ó. Ẹni tí gbogbo àdúgbò ń fi ṣe àpẹẹrẹ ọlọ́gbọ́n wá di ẹni tí kò gbọ́kàn lé làákàyè ara rẹ̀. Àbíkẹ́yìn rí i pé ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ni irọ́ òun gé. Ó ń gé ọkàn arákùnrin rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, òun sì ń wò ó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá wọn wà níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe rọ́bà," ó ní. "Fáíbà ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi sí i. Ó là lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ ayẹyẹ, mo kun ọ̀dà bò ó. Ẹ ò sáré. Ẹ ò sùn. Orí yín pé."

Ìyá wọn ká ọwọ́ lé orí. Ẹ̀gbọ́n kò pariwo. Ó yí ojú sí àbúrò rẹ̀.

"Nígbà tí mò ń sọ pé orí mi ti dàrú, o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

"O gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀gbọ́n kọjú sí ògiri.

Àbíkẹ́yìn lọ bá ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí àwọn oníbàárà ti ń sá fún nítorí wọ́n ní rọ́bà rẹ̀ ń fọ́ bí ìgò, wọn kò sì gbà á gbọ́ nígbà tó ní fáíbà ni. Bàbá náà kò bú u. Ó kàn wò ó, ó ní, "Mo bi ọ́ o." Àwọn méjèèjì jọ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Àbíkẹ́yìn sì sọ gbogbo rẹ̀ níwájú ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì àti àwọn awakọ̀ tó kù, omijé ń dà lójú rẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì fi ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, wọ́n fi í sídìí fóònù níbi tí àlejò ti ń béèrè ọkọ̀. Iṣẹ́ àpọ́nlé ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ wíwà tó fẹ́ràn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àbíkẹ́yìn pa ìwé kíkà tì fúngbà díẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ alágbàṣe kí oúnjẹ má bàa wọ́n wọn nílé.

Ẹ̀gbọ́n ti dárí jì í. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àbíkẹ́yìn ti ìta wọlé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òjò ti ń bọ̀ o, ẹ jẹ́ kí n ká aṣọ wọlé."

 Ẹ̀gbọ́n fa ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra, ó fi ìnira dìde, ó tiro dé ojú fèrèsé, ó sì yọjú wo ojú ọ̀run fúnra rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn dúró sójú kan, ó ń wò ó. Nígbà náà ni ohun tó ṣe wá yé e dáadáa. Ìyìn ọjọ́ kan ló gbà lọ́wọ́ àwọn tí kò bìkítà fún un, ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ láyé ló sì san owó rẹ̀. Ẹni tó bá purọ́ lè bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì lè foríjì í, àmọ́ kò lè pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni láti gba òun gbọ́. Ọ̀rọ̀ òótọ́ ni yóò máa sọ lọ lójoojúmọ́, lórí ohun ńlá àti ohun kékeré, títí di ọjọ́ tí ẹni tó ṣẹ̀ yóò tún gbà á gbọ́, bí ó bá wù ú.

Ó jáde lọ ká aṣọ.