Akàn Kan Nínú Àpótí Oògùn

Òkúta ni Nọ́ọ̀sì Teupoko bá nínú àpótí náà. Ó ti ṣí ìdérí, ó ti kiwọ́ bọ̀ ọ́, ó rò pé ìgò oògùn lòun máa kó. Èèpo àgbọn ló kọ́kọ́ fà yọ. Òkúta iyùn funfun ló tẹ̀ lé e.

"Sájẹ́ǹtì, oògùn ò sí níbí o."

Sájẹ́ǹtì Maara bẹ̀rẹ̀ wo inú àpótí náà. Òun ni ìjọba fi ṣọ́ olè ní Aitutaki, ṣùgbọ́n òun náà ni baba Tepaeru. Tepaeru wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù ní òdìkejì ọ̀sà, ikọ́ ẹ̀gbẹ ti sọ ọmọ náà di eegun. Oògùn tí wọ́n ń gún un tán lánàá. Èyí tó kù ló yẹ kó wà nínú àpótí yìí, ó sì di ọ̀sẹ̀ méjì kí ọkọ̀ òfurufú mìíràn tó bà sórí omi Akaiami, erékùṣù kékeré tí wọ́n wà yìí. Dókítà ti kìlọ̀ pé bí abẹ́rẹ́ náà bá dúró lágbedeméjì, àìsàn ọ̀hún á padà wá pẹ̀lú ìbínú. Ẹ̀rù ba Maara.

Níta ahéré tí wọ́n ń kó ẹrù ọkọ̀ sí, àwọn èrò ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọkọ̀ á bà sórí ọ̀sà, wọ́n á máa rọ epo sí i, àwọn olówó tó ń lọ sí Tahiti á sì máa ṣeré nínú omi títí epo á fi kún.

Hollis, òyìnbó oníṣòwò tó jẹ́ aṣojú ọkọ̀ náà ní Akaiami, fi ìka tọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lẹ tún ń wò? Ẹ mú Dunstan. Òun ló ń tọ́jú èrò nínú ọkọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni àpótí wà láti Samoa. Ní Papeete ní Tahiti, góòlù ni wọ́n á fi ra oògùn yẹn lọ́wọ́ ẹ̀."

"Irọ́ ni!" Dunstan fèsì. "Ọ̀gá sájẹ́ǹtì, mi ò mú nǹkan kan."

"Ìgbà wo lo rí àwọn ìgò náà gbẹ̀yìn?"

"Nígbà tí mo ń fín fílíìtì, sà. Ọkọ̀ ti bà, ilẹ̀kùn ò tíì ṣí. Òfin ni pé mo gbọ́dọ̀ fín gbogbo inú ọkọ̀ nítorí kòkòrò tó ń jẹ igi àgbọn. Gbogbo àpótí ni mò ń ṣí fín. Mo ṣí ti oògùn, mo rí orí àwọn ìgò, mo fín inú ẹ̀ dáadáa, mo dé e padà."

"Ta ló rí ẹ?"

"Ta ni ì bá rí mi? Gbogbo wọn faṣọ bo imú, wọ́n ń wúkọ́."

Hollis bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ nǹkan! Kò lẹ́rìí kan ṣoṣo."

Kápútéènì ọkọ̀ yọjú. Ó ní bí epo bá ti kún, àwọn ń lọ. Bí Sájẹ́ǹtì bá fẹ́ dá Dunstan dúró, kó dá a dúró, ṣùgbọ́n kí ọmọ náà má retí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ojú Dunstan pọ́n, ó sì wolẹ̀.

Maara kọjú sí Hollis. "Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ahéré yìí wà?"

"Ọwọ́ mi."

"Ta ló wọbí lẹ́yìn tí wọ́n gbé àpótí dé?"

"Èmi nìkan..." Hollis gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ má sọ ọ́ sí mi lọ́rùn o! Etíkun ni mo wà, tí mò ń pín tíì fáwọn èrò. Ìgbà tí Ngatama oníbóòtù gbé àpótí dé ni mo wá ṣílẹ̀kùn."

"Ìwọ náà lo ta mílíìkì àwọn ọmọ aláìsàn lọ́dún tó kọjá."

"Mílíìkì ni mílíìkì! Èyí kì í ṣe mílíìkì!"

Maara tú ahéré náà délẹ̀délẹ̀. Ọtí ló bá, àti ìwé ìròyìn àtijọ́. Gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, pákó ni.

Ó kù sọ́dọ̀ Papa Ngatama. Òun ló ń wa bóòtù tó ń kó èrò àti ẹrù láti ara ọkọ̀ wá sí èbúté. Ọ̀rẹ́ baba Maara ni, òun ló sì kọ́ Maara láti mọ ibi tí bóòtù lè gbà kọjá láàárín òkúta iyùn. Ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn àwọn igi àgbọn, kò jìnnà. Bí bàbá náà ṣe gbọ́ ẹsẹ̀ ló yára jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn mọ́ra, ṣùgbọ́n Maara ti fojú ká inú ilé. Àkẹtẹ̀ funfun kan wà lórí ìṣó, tí wọ́n fi ìkarahun wẹ́wẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

"Jókòó síta níbí, atẹ́gùn wà. Mu àgbọn."

"Ẹ ṣé, Papa. Mama Ina ńkọ́?"

"Ìyàwó mi bá ọkọ̀ onígbòkun lọ sí erékùṣù Mauke. Ó lọ kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀."

"Ẹ bá mi kí i. Àpótí oògùn yẹn, ṣé ó pẹ́ lọ́wọ́ yín?"

"Àwọn èrò ni mo kọ́kọ́ gbé. Àpótí wà lábẹ́ ìjókòó. Lẹ́yìn náà ni mo gbé e fún Hollis." Ó ń wo ilẹ̀. "Tepaeru ńkọ́?"

"Ó ń retí."

Maara mu àgbọn rẹ̀ tán, ó dúpẹ́, ó sì padà pẹ̀lú ọkàn tó wúwo. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju èje lọ.

Nínú ahéré, Nọ́ọ̀sì ń kó òkúta náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ìgò kan á ṣẹ́ kù nísàlẹ̀. Lójijì ó fà sẹ́yìn. Nǹkan kan ń rìn lórí tábìlì. Akàn kékeré kan ni, kò ju èékánná lọ, ó gbé ìkarahun rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

"Dunstan," ni Maara wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ṣé akàn lè wà láàyè nínú fílíìtì ẹ?"

"Kò jẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà! Aáyán ò yè é, eèrà ò yè é. Akàn tí èrò kan kó wọlé nírìn àjò tó kọjá, kí n tó gbé ìgò fílíìtì sílẹ̀ ló ti kú."

Maara gbóòórùn pákó àpótí. Fílíìtì ń rùn lára rẹ̀ gan-an. Ó gbóòórùn èèpo àgbọn. Iyọ̀ òkun ló gbọ́, àti epo ẹ́ńjìnnì. Èèpo náà ṣì tutù.

"Lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ṣí ni wọ́n kó òkúta sínú àpótí yìí," ló wí. "Ẹni tó ṣe é fẹ́ ká rò pé inú ọkọ̀ ni olè ti ṣẹlẹ̀. Kò mọ̀ pé wọ́n máa ń ṣí àpótí fín, torí kò wọ inú ọkọ̀ òfurufú rí. Dunstan, má bara jẹ́ mọ́, o ò lọ́wọ́ sí i."

"Ó kù èmi àti Ngatama nìyẹn," ni Hollis wí. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Maara sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté. Ara ọkọ̀ òfurufú fẹ́lẹ́, nítorí náà, bóòtù tó bá fẹ́ sún mọ́ ọn gbọ́dọ̀ so àpò tí wọ́n kó èèpo àgbọn kún mọ́ ẹ̀gbẹ́. Àwọn àpò bóòtù Ngatama yọ ikùn, àfi ọ̀kan tó rọ jọwọlọ. Okùn tuntun ni wọ́n fi rán ẹnu rẹ̀. Hollis kì í fẹsẹ̀ kan bóòtù, èébì ni òkun máa ń kó bá a, tajá tẹran ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Maara dúró níbẹ̀, ó wá rántí àkẹtẹ̀. Ìyá wo ní Aitutaki ló máa wọkọ̀ lọ kí ẹbí ní ìlú onílùú, tí á fi àkẹtẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìṣó? Bí ilé bá ń jó, àkẹtẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé jáde.

Ó mú Nọ́ọ̀sì dání. Wọn ò tíì dé ẹnu ọ̀nà Ngatama tí wọ́n fi gbọ́ ikọ́ kan nínú ilé. Ikọ́ Tepaeru gẹ́lẹ́ ni.

"Papa, ẹ jẹ́ ká wọlé."

Ngatama ò janpata. Orí ẹní ni Mama Ina wà, ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti jìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ irọ̀rí ni àwọn ìgò náà wà, nínú aṣọ. Mẹ́ta ti ṣófo.

"Èmi ni," ni Ngatama wí. "Bí àwọn èrò ṣe ń wẹ̀ ni mo kó àwọn ìgò náà. Òkúta tó wà nínú bóòtù fún ìdákọ̀ró ni mo fi dípò, mo tú àpò kan láti fi bò ó."

"Kí ló dé tẹ́ ò gbé wọn lọ sí ọsibítù? Kí ló dé, Papa?"

"Ọsibítù!" Ohùn àgbà náà gbòde. "Wọ́n á fi í sọ́kọ̀ lọ sí Rarotonga, sínú ilé tí wọ́n ń kó àwọn oníkọ́ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n mú ọmọ wa lọ. Ṣé wọ́n dá a padà? Mo ní Ina ò ní lọ. Mo ní èmi ni màá tọ́jú aya mi."

"Ẹ mọ̀ pé ti Tepaeru ni oògùn yẹn."

"Mo mọ̀." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Maara, mo mọ̀. Mo ní wọ́n á tún kó òmíràn wá fún ọmọ sájẹ́ǹtì."

Inú bí Maara débi pé ó dì ẹ̀ṣẹ́. Kò mọ ìgbà tó tú u.

Nọ́ọ̀sì mú àwọn ìgò tó ti ṣófo. "Báwo lẹ ṣe fún wọn, Papa?"

"Mo pò ó mọ́ omi àgbọn. Ó mu ún tán, kò ṣẹ́ kù. Ara ẹ̀ ti ń yá díẹ̀, àbí?"

Nọ́ọ̀sì wo Maara. Ó wá sọ ọ́, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Abẹ́rẹ́ nìkan la fi ń lò ó, Papa. Bí èèyàn bá mu ún, omi lásán ni."

Ngatama jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sọkún mọ́.

Ọkọ̀ òfurufú gbéra, Dunstan sì wà nínú rẹ̀. Bóòtù náà gbéra tẹ̀ lé e, ó dorí kọ òdìkejì ọ̀sà. Ngatama fúnra rẹ̀ ló wà á, torí kò sẹ́lòmíì lórí erékùṣù náà tó lè la òkúta iyùn já pẹ̀lú aláìsàn láì jẹ́ kó fì. Maara jókòó tì í, àpótí wà lórí itan rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé ìgò tó kù ò ní tó Tepaeru àti Mama Ina títí ọkọ̀ mìíràn á fi dé. Ó ní dókítà ló máa mọ ẹni tí wọ́n á dá abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró.

Mama Ina ò gbà kí wọ́n gbé òun wọ bóòtù láìdé àkẹtẹ̀ rẹ̀. Ó ní ìrìn àjò ni. Nígbà tí wọ́n dé àárín ọ̀sà, ó la ojú.

"Maara, ọmọ mi. Oògùn tí Papa ẹ rí fún mi yẹn dùn. Ta ló fún un?"

Obìnrin náà wo ojú sájẹ́ǹtì. Ó wo àpótí tó wà lórí itan rẹ̀. Ó wá wo ọkọ rẹ̀, tó tẹjú mọ́ ọ̀nà, tí kò wẹ̀yìn.

"Áà, Ngatama," ló wí.

Ó fa àkẹtẹ̀ náà bojú.