Erin Kọnkéré Inú Ọgbà Ìgbafẹ́

Alága àdúgbò mú àwòrán erin kan wọlé, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìránṣọ ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá ọmọ mi, wo erin! Kọnkéré ni wọ́n máa fi mọ ọ́n. Àárín ọgbà ìgbafẹ́ wa ló máa wà títí ayé. Oníṣẹ́ ọnà ń bọ̀ lọ́la wá gbẹ́ ìpìlẹ̀."

Obìnrin aránṣọ yìí kì í gba nǹkan gbọ́ àfi tó bá fi téèpù wọ̀n ọ́n. "Báwo ló ṣe ga tó?"

"Ó ga tó erin!"

"Níbo ló máa kọjú sí?"

"Iwájú ni. Ṣé o ti rí erin tó kọjú sẹ́yìn rí?"

"Iwájú ta ni, olówó orí mi? Kí làwọn ará àdúgbò wí sí i?"

Alága fajú ro. Oṣù tó ń bọ̀ ló máa gbé ipò sílẹ̀. Iná ojú títì tó fà ti kú, gọ́tà tó gbẹ́ ti dí. Ó fẹ́ fi ohun kan tí kò ní bàjẹ́ sílẹ̀. Bí òun bá sì pe ìpàdé, ẹnì kan á ní ẹyẹ lòun fẹ́, ẹlòmíì á ní ẹja, ọ̀rọ̀ ò ní tán.

"Mi ò ní kí o má ṣe é," ìyàwó rẹ̀ wí. "Aṣọ tí mo bá rán tó fún, mo lè tú u. Ta ló máa tú kọnkéré?"

Ó gba ìwọ̀n erin náà lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọnà lórí fóònù. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó rán kọ́tìnnì àlòkù pọ̀ bí erin ní ìwọ̀n yẹn, ó fi igi gbé e ró sí ojú ibi tí ère máa wà gan-an nínú ọgbà, ó sì ká páálí ṣe eyín rẹ̀. Alága dúró tì í, ó ń yan.

Ni ìyá Alága, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, bá ṣí fèrèsé. "Ta ló kọ̀dí sí mi?"

"Màmá, erin ni."

"Mo mọ̀ pé erin ni! Ṣé ìdí erin ni mo máa máa kí láràárọ̀? Ìwọ ọmọ yìí, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

Kí Alága tó dáhùn, bàbá tó ń tún rédíò ṣe ń bọ̀. Bàbá yìí kò ríran, ṣùgbọ́n ó ti ń gba ọ̀nà inú ọgbà yẹn lọ sílé láti ogún ọdún. Ọ̀pá rẹ̀ gba abẹ́ eyín erin kọjá, kò kan nǹkan kan. Eyín sì gbá a níwájú orí!

Alága sáré dì í mú. Páálí ti ká, bàbá kò ṣèṣe.

"Wọ́n ní ajànàkú kọjá 'mo rí nǹkan fìrí'," bàbá wí. "Èmi ò rí fìrí rárá. Iwájú orí ni mo fi mọ̀ ọ́n."

Gbogbo ará àdúgbò tó ti pé jọ wá wòran bú sẹ́rìn-ín. Alága nìkan ni kò lè rẹ́rìn-ín. Ó ń wo páálí tó ká náà.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Ọ̀la ni à bá gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀."

"Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ríran ni kẹ́ ẹ bá mi wò ó, ọmọ mi. Ojú mi ò ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì nífẹ̀ẹ́ ojú náà."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣèpàdé. Wọ́n ní kí oníṣẹ́ ọnà mọ erin tó dùbúlẹ̀, kúrò lójú ọ̀nà, kí ọmọdé lè gùn ún. Màmá ní ojú rẹ̀ ni kó kọ sí òun. Nígbà tó parí, bàbá onírédíò fọwọ́ bà á láti etí dé èékánná, ó sì ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ jẹ́ kémi náà rí i."

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá fẹ́ gbé ère sí ọgbà ìgbafẹ́ yín, ẹ pe gbogbo àdúgbò jọ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ẹ béèrè bó ṣe ga tó, ibi tó máa kọjú sí, àti ẹni tó máa máa tún un ṣe. Ẹ fi aṣọ tàbí páálí ṣe irú rẹ̀ síbẹ̀ ná, kí ọmọdé, arúgbó, ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn àti ẹni tí kò ríran kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí páálí bá gbá máa bá yín rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kọnkéré bá gbá, ilé ìwòsàn lẹ máa gbé e lọ.