Ààlè Lẹ́nu Ọgbà Màlúù

Orúkọ wòlíì ni Zechariah ń jẹ́, ṣùgbọ́n owó ni ọlọ́run rẹ̀. Oníṣòwò gẹdú ni ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ènìyàn ńlá tí kì í kí ẹnikẹ́ni àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ kí i. Ní ọjọ́ Ìsinmi, tí Rachel ìyàwó rẹ̀ bá wọ aṣọ funfun, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà láìwọ bàtà, ọkọ rẹ̀ a máa fi í rẹ́rìn-ín. Yóò ní, “Bá mi kí àwọn áńgẹ́lì o.”

Nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, òyìnbó kan tó ń sin màlúù létí ọ̀sà lẹ́bàá Àbígi fẹ́ padà sílùú rẹ̀. Zechariah ra oko náà bó ṣe wà: ilẹ̀, ọgbà oníwáyà, agbo màlúù, pẹ̀lú àwọn darandaran tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tipẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń pàṣẹ, ẹ ó rò pé ó ra àwọn ènìyàn náà mọ́ ọn ni.

Láyé òyìnbó, darandaran kọ̀ọ̀kan a máa bu wàrà lọ sílé láràárọ̀. Zechariah ní olè ni wọ́n. Ó gba ààlè lọ́dọ̀ olóògùn kan, ìgbálẹ̀ gbígbó, ìkarahun ìgbín àti àkísà pupa, ó so ó mọ́ ẹnu ọgbà. Ó pe gbogbo wọn jọ, ó ní ẹni tó bá ṣí ọgbà náà níbikíbi lẹ́yìn òun yóò wú títí yóò fi bẹ́. Bí òun kò bá sí lóko, kí wọ́n máa gé koríko ju sí màlúù láti ẹ̀yìn wáyà.

Rachel bẹ̀ ẹ́. “Bàbá Adépéjú, ọsàn la máa ń pa ààlè sí, tàbí igi ìdáná. Ìyẹn lè dúró de olówó rẹ̀. Ohun ẹlẹ́mìí ńkọ́?”

“Ṣé ìwọ lo fowó rà á ni? Lọ gbàdúrà rẹ, jàre.”

Ní ìparí òjò ọdún náà, omi ọ̀sà kún kọjá àyè rẹ̀. Zechariah wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó nídìí gẹdú, Rachel wà lóko. Lọ́sàn-án gangan, omi wọ ọgbà. Ó mu màlúù dé orúnkún, ó mu wọ́n dé ikùn, wọ́n sì ń ké. Fàsásì, olórí darandaran, fi kẹ̀kẹ́ rán ènìyàn lọ pe olóko, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn. Àwọn ọkùnrin alágbára dúró lórí òkè, wọ́n ń wo ẹran tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tọ́, kò sí ẹni tó jẹ́ sún mọ́ ẹnu ọgbà. Fàsásì pàápàá, tí kì í pa ìrun jẹ, kò lè gbé ẹsẹ̀.

Rachel nìkan ló wọ inú omi. Ó ń pe orúkọ Jésù, ó já ààlè náà sọnù, ó sì fa igi ẹnu ọgbà. Màlúù tí ẹ̀rù ti bà tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ Rachel há sínú ẹrẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nítòsí tí yóò fà á kúrò lọ́nà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Zechariah dé. Gbogbo màlúù rẹ̀ pé lórí òkè, wọ́n ń jẹ koríko. Ìyàwó rẹ̀ wà lórí ẹní, wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú.

Fàsásì wólẹ̀ níwájú rẹ̀. “Bàbá, ẹ̀rù ló bà wá. Nígbà tí mo gbé e, ó bi mí bóyá gbogbo wọn ti jáde. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má bínú sí wa. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.”

Àwọn ará àdúgbò ní ààlè ló pa á. Zechariah mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí Rachel kò wú. Ìbẹ̀rù tí òun fúnra òun gbé kọ́ síbẹ̀ ló so àwọn ọkùnrin náà mọ́lẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Bí màlúù bá ké, yóò fọwọ́ di etí rẹ̀.

Hezekiah, alàgbà nínú ìjọ Rachel, tí òun àti Zechariah jọ dàgbà, wá jókòó tì í.

“Hezekiah, èmi ni mo pa á. Ṣé Ọlọ́run yín lè gba irú mi?”

“Bí kò bá lè gba irú rẹ, kò lè gba èmi náà. Jésù ti kú fún ọ kí Rachel tó wọ omi. Ó mọ irú ẹni tí o jẹ́, síbẹ̀ kò dúró lórí òkè máa wò ọ́.”

Ibẹ̀ ni ọkùnrin líle náà ti sunkún. Ó jẹ́wọ́ ìgbéraga rẹ̀, ó jẹ́wọ́ oògùn àti ẹ̀gàn tó fi ń gan ìyàwó rẹ̀, ó sì fi ayé rẹ̀ fún Jésù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Fàsásì àti àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa bu wàrà wọn bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó bọ́ bàtà, ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì tí Rachel ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá. Ó jókòó láàárín àwọn ọkùnrin. Ojú rẹ̀ kò kúrò níhà ibi tí àwọn obìnrin ń jókòó.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, Zechariah rí àánú gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ rí i jù kò sí níbẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Ta ló ń gbàdúrà fún ọ nínú ilé rẹ? O kò mọ iye ìgbà tí ẹni náà yóò lò pẹ̀lú rẹ. Má dúró de ọjọ́ tí wọn yóò sin ín. Ó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lónìí. Pa ìwé yìí dé, lọ bá a, kí ẹ jọ kúnlẹ̀.